Ẹ Bi Wá: Bí A Ṣe Ń Jí Railcar Àtijọ́ Tó Ti Di Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Railcar ni kóòṣì rélùwéè tó gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ sábẹ́, tí kì í dúró de orí ọkọ̀ kankan kó tó rìn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1954 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ṣì ń gbé èrò lórí àwọn ojú irin tí àwọn ẹgbẹ́ olùfẹ́ rélùwéè gbà tọ́jú. Ìbéèrè tí àwọn òǹkàwé wa lókè Ọya ń kọ ránṣẹ́ nípa rẹ̀ ti pọ̀. A kó wọn jọ sójú kan, a sì pa èyí tó bá jọra pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọkọ̀ tó ń ti Ìdù lọ Kàdúná. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra railcar àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ojú irin yìí ò lè gbà á lópin ọ̀sẹ̀? — Òǹkàwé kan, Kúbwá, Àbújá

ÌDÁHÙN: Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bá a mu, àwọn nǹkan yòókù ni kò ní bá a mu. Ojú irin Àbújá sí Kàdúná, tí wọ́n ṣí ní oṣù keje ọdún 2016, fẹ̀ ní mìlímítà 1,435 láti inú irin kan dé inú èkejì, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà ló kọ́ ọ. Kóòṣì ilẹ̀ Ṣáínà fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 3.1, railcar ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní nǹkan bí mítà 2.8. Bí railcar bá dúró ní ibùdókọ̀, àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti pèpéle yóò fi bíi sẹ̀ǹtímítà 14 sí 15 ju ti kóòṣì wọn lọ. Ẹsẹ̀ ọmọdé á wọ ibẹ̀ ketekete. Ẹ tún wo bíréèkì: fákúùmù, ìyẹn páìpù tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ni railcar àtijọ́ ń lò, afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́nú páìpù ni ọkọ̀ òde òní ń lò. Bí railcar bá kú sójú ọ̀nà, ọkọ̀ tó bá wá fà á kò ní lè darí bíréèkì rẹ̀. Ní àfikún, níbi tí iná àmì bá ti ń fi iná mànàmáná inú irin mọ̀ pé ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà, railcar tó fúyẹ́ lórí irin tó dípẹtà tàbí tó kún fún eruku lè má tẹ irin náà dáadáa, kí àmì máa sọ pé ọ̀nà ṣófo nígbà tí èèyàn wà níbẹ̀. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ èrò ń gbà lójoojúmọ́, ìyẹn nìkan tó láti fi sọ pé rárá.

Ojú irin àtijọ́ tó gba Mínà, Kàdúná àti Záríà lọ Kánò, mìlímítà 1,067 ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta tún wà tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé, ìyẹn ojú irin kékeré tó ti Záríà lọ Bukuru, 762 péré, tí wọ́n pa tì ní 1957. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní railcar tà fún yín, tépù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ lápò. Bí ẹ bá ń wọn ojú irin, ẹ wọ̀n ọ́n ní nǹkan bíi mìlímítà 14 sísàlẹ̀ orí irin, láti ẹ̀gbẹ́ inú dé ẹ̀gbẹ́ inú. Bí ó bá jẹ́ wíìlì, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn wíìlì méjèèjì. Ti ojú irin 1,435 máa ń tó nǹkan bí 1,360. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta lára wíìlì kan náà. Bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba, ọ̀pá wíìlì ti tẹ̀ nìyẹn, tàbí kí wíìlì ti ṣípò lórí rẹ̀, kò sì sí ọ̀dà tó lè bo ìyẹn.

Ẹ̀ka kúkúrú tí ọkọ̀ mìíràn kì í gbà, kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́jọ, ló yẹ railcar àtijọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 tí wọ́n ti tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, ìpínlẹ̀ náà ti lè ní rélùwéè tirẹ̀, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́. Ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ yín kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

ÌBÉÈRÈ: Railcar kan wà ní yáàdì tí a ń dúnàádúrà lé lórí. Mẹkáníìkì wa ní ká kọ́kọ́ jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ọkàn àwọn tó ń dáwó lè balẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Òǹkàwé kan, Mínà

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ́ńjìnnì ló rọrùn jù láti pààrọ̀ lára railcar. Ohun tí kò ní ààrọ̀ ni férémù àti wíìlì, ibẹ̀ sì ni owó máa ń rá sí. Ẹgbẹ́ tó bá fi ariwo ẹ́ńjìnnì kówó jọ, tó wá rí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé férémù ti jẹ, á wá di ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá lórí irin.

Ìwé ló ṣáájú. Ohunkóhun tó bá wà ní yáàdì Nigerian Railway Corporation, ti ìjọba ni, bó ti wù kó jẹrà tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá yáàdì kò tó. Ẹ gba ìwé tó dárúkọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ilẹ̀kùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ayùn kan ògiri inú rẹ̀, ẹ rántí asbestos. Ọ̀pọ̀ railcar àwọn ọdún 1950 ni wọ́n fi í sínú ògiri àti òrùlé wọn nítorí ooru àti ariwo. Eruku rẹ̀ kéré ju èyí tí ojú lè rí, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, àìsàn tó ń fà sì lè sùn fún ogún ọdún tàbí ogójì kó tó yọjú. Aṣọ tí a fi bo imú kò ràn án, ìgbálẹ̀ sì ń tan án kálẹ̀ ni. Ẹ fi omi rin ibì kan, ẹ gé ẹyọ kékeré, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní asbestos ni, àwọn tó ní aṣọ àti ìbòmú iṣẹ́ náà ni kí ẹ pè, kí ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín má kàn án rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú òòlù kékeré. Irin tó ṣì le máa ń dún gooro, èyí tó ti jẹ á dún bọ̀ọ̀. Abẹ́ ẹnu ọ̀nà, abẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti igun tí férémù ti pàdé orí ọkọ̀ ni omi máa ń jókòó sí. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí férémù ti jókòó lé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìlà ìpẹtà tó tín-ín-rín bí irun orí lórí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, sísán ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọ̀pá wíìlì ní tirẹ̀ máa ń sán níbi tí wíìlì bò mọ́lẹ̀, ojú kò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró gba inú irin kọjá nìkan ló lè fi hàn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ páìpù epo rọ̀bì wò ní ẹ̀rọ yìí, ẹ lè háyà wọn fún ọjọ́ kan.

Bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ wo gíríìsì. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá ní ìyẹ̀fun pupa nínú, bíárìn ti ń jẹ ara rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì orí ọ̀pá kan náà pọ̀.

Ohun tó ń ba railcar jẹ́ jù lọ, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí, ni ọjọ́ tí wọ́n bá ń fà á kúrò ní yáàdì. Gíà kan wà lórí ọ̀pá wíìlì, òun ló ń yí ìrìn padà síwájú tàbí sẹ́yìn. Bó bá wà nínú gíà tí ẹ fi ń fà á, wíìlì á máa yí gíábọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì sì kú, pọ́ǹpù ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì tó ń gba agbára láti apá ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́. Bó bá tún lọ jẹ́ pé ìdojúkọ ibi tí ẹ ń fà á lọ ni gíà náà wà, fíríwíìlì (ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ láìyí ẹ́ńjìnnì) á há, gbogbo rẹ̀ á máa yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú tipátipá. Kí ẹ tó so ṣéènì mọ́ ọn, ẹ wọ abẹ́ lọ, ẹ fọwọ́ ti gíà orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí fíríì, ẹ fi pín-ìnnì rẹ̀ tì í, ẹ sì so wáyà mọ́ pín-ìnnì náà kó má baà jábọ́. Railcar ẹlẹ́ńjìnnì méjì ní irú gíà bẹ́ẹ̀ méjì. Bó bá ti dípẹtà tí kò ṣeé tì, ẹ tú ṣáfúùtì tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì kúrò pátápátá.

ÌBÉÈRÈ: A ti ṣe gbogbo èyí, ẹ́ńjìnnì ló kù. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, agbára ẹṣin 150, ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti kú. Báwo la ṣe máa jí i? — Àwọn òǹkàwé méjì, Kàdúná

ÌDÁHÙN: Ẹ má kíìkì í. Ríńgì, ìyẹn òrùka irin ara píṣítìn, ti lè lẹ̀ mọ́ slívù tí píṣítìn ń rìn nínú rẹ̀, kíìkì tó lágbára á sì ya á kí ẹ tó gbọ́ ariwo kankan. Ọwọ́ la kọ́kọ́ fi ń yí ẹ́ńjìnnì tó bá ti sùn pẹ́.

Ẹ tú ọ́ìlì inú sọ́mpù sínú ọpọ́n funfun. Omi wúwo ju ọ́ìlì, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bó bá ju ife kan lọ, kì í ṣe òógùn inú ẹ́ńjìnnì lásán, ibì kan ń jò. Ẹ tú nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi mílílítà 30 ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Níbí ni ẹ́ńjìnnì railcar ti yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ akẹ́rù: ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kó lè gba abẹ́ ọkọ̀, píṣítìn rẹ̀ sì ń lọ gbọọrọ dípò kó máa lọ sókè sódò. Bí ẹ bá da ọ́ìlì sí i lásán, apá ìsàlẹ̀ slívù nìkan ni yóò rí i, apá òkè á gbẹ táútáú. Ẹ fi páìpù kékeré tó tẹ̀ lẹ́nu fọ́n ọn sókè. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi sìpánà gígùn yí kíráǹkì, yíyípo méjì gbáko. Ibi tó bá ti há, ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tún fọ́n ọ́ìlì sí i, ẹ má fi páìpù gùn ún kún sìpánà.

Ẹ wá lọ síbi pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi kún dísẹ́ẹ̀lì tó sì ń dín in kù. Ẹ fi ìka tì í lọ, tì í bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa yọ̀ láìjanpata. Bó bá há síbi tí dísẹ́ẹ̀lì ti pọ̀, ẹ́ńjìnnì á jí, kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Á kọjá yíyípo 1,800 ní ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ṣe òpin fún irú rẹ̀, títí ìbúgbàù á fi dé. Kódà bí ọ̀pá yìí bá ń yọ̀ dáadáa, kí ẹnì kan dúró ti ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ tó lè bo ẹnu náà. Kí ó má lo ọwọ́ tàbí aṣọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá rí afẹ́fẹ́ á kú dandan.

Kí ọ́ìlì tuntun tó wọlé, ẹ rọ omi kún rédíétọ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí ẹ bá dẹ nọ́ọ̀tì ìdí sọ́mpù láàárọ̀ tí omi sì ń kán, rọ́bà ìdí slívù tàbí gaskẹ́ẹ̀tì orí ti lọ, ẹ kò sì tíì pàdánù ju omi lọ. Ẹ kó nọ́sù lọ fún kálíbrétọ̀, ẹni tó ń yẹ pọ́ǹpù àti nọ́sù dísẹ́ẹ̀lì wò tó sì ń tò wọ́n, ní gbogbo àkókò yìí. Nọ́sù tó dára ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì bí ìkùukùu, ó sì ń gé e gééré. Èyí tó bá ń kán tó-tó-tó lẹ́yìn fífọ́n yóò jó orí píṣítìn lu.

Bí ohun gbogbo bá ti padà sípò, ẹ fa ọwọ́ ìpa-ẹ́ńjìnnì kó má lè jí, kí ẹ wá kíìkì í fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún ṣe é, títí kíláàkì ọ́ìlì yóò fi gbéra. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lé afẹ́fẹ́ jáde nínú dísẹ́ẹ̀lì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti fílítà, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ara pọ́ǹpù, ẹ fi páìpù nọ́sù kẹ́yìn. Bó bá jí, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ hàn lójú kíláàkì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Bí kò bá hàn, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní sílò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa á, ẹ gba abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Èéfín búlúù fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ kò yẹ kó dẹ́rù bà yín, nítorí ọ́ìlì máa ń jókòó sínú sílíńdà tó dùbúlẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì tí kò dẹwọ́, ríńgì ni. Èéfín funfun tó ń ta ojú, dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó ni. Èyí tí kò ta ojú, tó sì ń rùn bí omi rédíétọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà. Ohun tó yẹ kó kó yín láyà sókè jù ni ọ́ìlì tó bá ń jò láti ìdérí fáàfù sórí páìpù èéfín. Ẹ̀gbẹ́ ni ìdérí náà wà lára ẹ́ńjìnnì tó dùbúlẹ̀, gaskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ni ọ́ìlì dúró lé. Ọ́ìlì, eruku àti páìpù tó gbóná lè dá iná sílẹ̀ lábẹ́ railcar. Ẹ fọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó jí ẹ́ńjìnnì, kí panapaná oníyẹ̀fun kìlógíráàmù mẹ́sàn-án méjì sì wà nítòsí.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní bí railcar bá dé Jọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ náà á sì yàtọ̀. Kí ni òkè fi kan bíréèkì? — Òǹkàwé kan, Bukuru

ÌDÁHÙN: Ó kàn án gan-an. Ẹ wà ní nǹkan bíi mítà 1,200 sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́. Bíréèkì fákúùmù ń ṣiṣẹ́ nípa pé a fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù títí kíláàkì á fi ka ínṣì 21 (ínṣì mákúrì ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ níbí), bíréèkì á sì tú. Bí a bá fẹ́ dúró, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òde wọlé, òun ló ń ti bíréèkì mọ́ wíìlì. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ òde tó nǹkan bí ínṣì 30. Pọ́ǹpù kàn ń fa 21 jáde nínú 30 ni. Ní Jọ́ọ̀sì, ínṣì 26 péré ni gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà, ó sì tún gbọ́dọ̀ fa 21 náà jáde nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù tó ti gbó, tó ń ṣe dáadáa ní Mínà, lè má dé 21 láéláé ní Bukuru. Bíréèkì á wá máa há mọ́ wíìlì díẹ̀díẹ̀, á máa gbóná, ẹ óò sì máa dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi pé kò lágbára. Ẹ fọwọ́ súnmọ́ wíìlì lẹ́yìn ìrìn kìlómítà méjì láìtẹ bíréèkì. Bí ooru bá ń bọ̀ lára rẹ̀, ẹ wá ibi tí páìpù ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú, kí ẹ sì tún àwo inú pọ́ǹpù fákúùmù ṣe.

Ti ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe àròsọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan. Nínú agbára ẹṣin 150, bíi 130 ló kù fún yín. Bí kálíbrétọ̀ kò bá dín dísẹ́ẹ̀lì kù bá a mu, èéfín dúdú ni, ẹ kò sì rí agbára kankan gbà lé e. Omi pẹ̀lú ń hó ní nǹkan bíi 96 dípò 100, nítorí náà ìdérí rédíétọ̀ tó ń pa afẹ́fẹ́ mọ́ra kì í ṣe ohun tí a ń fi àkísà dípò.

ÌBÉÈRÈ: Ní Kánò, ọyẹ́ ń gbé eruku wá, oṣù kẹrin sì ń gbóná kọjá 40. Railcar tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ òtútù, ṣé ó lè gbà á? — Òǹkàwé kan, Sábóngàrí, Kánò

ÌDÁHÙN: Ó lè gbà á bí rédíétọ̀ rẹ̀ bá mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ ni rédíétọ̀ railcar wà, súnmọ́ ilẹ̀, nítorí náà gbogbo eruku tí wíìlì bá tu ló ń gbé mì. Bí ọ́ìlì bá tún ń jò nítòsí, eruku náà á lẹ̀ mọ́ ọn bí amọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ wá síwájú, ìyẹn ní ìdojúkọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ẹ bá gba iwájú, ẹ kàn ń ti ìdọ̀tí náà wọnú sí i ni. Ọṣẹ tó ń yọ gíríìsì kọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà omi tí kò ní agbára púpọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ ní káàwọ́ọ̀ṣì máa ń tẹ àwọn ewé rédíétọ̀ pa, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Omi kànga àti omi bọ̀ọ́hòòlù kò dára nínú rẹ̀. Ẹ̀tù funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò yín náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Omi òjò tí a sẹ́, tàbí omi bátìrì, pẹ̀lú kúláàǹtì ní ìlàjì-ìlàjì ló dára. Àwọn kan ní kúláàǹtì jẹ́ ti ilẹ̀ yìnyín. Ṣùgbọ́n òun ló ń dènà ìpẹtà, òun náà ló sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó.

Fílítà afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn dára fún Kánò ju ti oníbébà lọ, bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá ti rìn. Bí ẹrẹ̀ bá ti ga tó ìbú ìka kan, ẹ da ọ́ìlì náà nù, kí ẹ rọ tuntun dé ojú ìlà, kó má kọjá ìlà. Ọ́ìlì tó bá kọjá ìlà, ẹ́ńjìnnì á fà á mu.

ÌBÉÈRÈ: Awakọ̀ tírélà la fẹ́ fi wa railcar wa. Kí ló yẹ kó kọ́ tuntun? — Òǹkàwé kan, Záríà

ÌDÁHÙN: Ó ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ gbàgbé: gíà kò ní bá a dá ọkọ̀ dúró. Fíríwíìlì wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, bó bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí agbára, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ lófìfo. Awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á fa gíà sílẹ̀ kó lè di ọkọ̀ mú. Nínú railcar, kò ní rí nǹkan kan dì mú. Bíréèkì nìkan ló ní, kó sì tètè lò ó kí ìyára tó pọ̀.

Kò sí kílọ́ọ̀ṣì. Fúláwíìlì olọ́ìlì ló wà níbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ lè wà nínú gíà kó sì dúró láìkú. Ìrìn rẹ̀ lọ báyìí: bíréèkì wà ní títẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà ní sílò, ẹ yan iwájú tàbí ẹ̀yìn, ẹ yan gíà kìn-ín-ní, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tú bíréèkì, kí ẹ wá fún un lágbára díẹ̀díẹ̀. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gíà kejì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 24 ní wákàtí, ẹ̀kẹta ní nǹkan bíi 43. Àwọn ojú irin àtijọ́ ibẹ̀ kì í sábà gba ìyára tó ju 40 lọ, nítorí náà gíà méjì àkọ́kọ́ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àwọn náà ló sì ń tètè jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gíà, ẹ dá agbára padà sí sílò pátápátá, ẹ sún ọwọ́ gíà, ẹ dúró díẹ̀ kí ìró ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tún fún un lágbára. Ìdí ni pé bẹ́líìtì irin tó ń di ìlù mú ni gíà kọ̀ọ̀kan nínú gíábọ́ọ̀sì náà, yàtọ̀ sí gíà tó ga jù, tó ń lo kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Bí agbára bá ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń dì í mú, bẹ́líìtì á yọ̀, á jó. Awakọ̀ tó ń kánjú á jẹ bẹ́líìtì kejì run láàárín sáà kan.

Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá ń ròkè tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, ẹ wò ó bóyá gíà kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ kan, bẹ́líìtì gíà náà ni. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn, ẹ yẹ afẹ́fẹ́ tó ń ti bẹ́líìtì wò lójú kíláàkì, kí ẹ sì wo ọ́ìlì fúláwíìlì. Ẹ má rọ ọ́ìlì yẹn kún dẹ́nu o, ó nílò àyè láti wú bó bá gbóná. Bí ẹ bá rọ ọ́ kún, rọ́bà rẹ̀ ni yóò bẹ́, ọ́ìlì náà á sì fọ́n yí gbogbo abẹ́ ọkọ̀ ká.

Iwájú àti ẹ̀yìn, a kì í yí i padà àfi bí wíìlì bá ti dúró pátápátá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà dára fún un? — Òǹkàwé kan, Jẹ́bà

ÌDÁHÙN: Bó bá sinmi, ó dára. Ẹ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ gbé tẹ̀ díẹ̀ sápá kan, kó jókòó fún wákàtí 24, kí ẹ sì fà á láti òkè, kí tíọ́ọ̀bù má dé ilẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú ife kan láti ìdí tánkì railcar láràárọ̀ kí ẹ tó jí ẹ́ńjìnnì. Ìgbà òjò ni omi máa ń pọ̀ nínú tánkì tí kò kún, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ń fi ìrì sílẹ̀ lára irin lóru. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, eruku ni kí ẹ máa ṣọ́ lẹ́nu ìdérí. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 150 ń mu nǹkan bíi lítà 30 ní wákàtí kan bó bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà kúkúrú, ọ̀pọ̀ àkókò ló fi ń yọ̀ lọ lófìfo, kò sì ní mu tó ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Màálù ń kọjá lórí irin wa, kò sì sí ọgbà. Báwo ni ká ṣe mọ ibi tí awakọ̀ ti máa fọn fèrè? — Òǹkàwé kan, Gwágwáládà

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣírò ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí, kí ẹ fi ojú ọjọ́ tó burú jù ṣe é. Ní kìlómítà 40 ní wákàtí, railcar ń fi mítà 11 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí awakọ̀ tó rí nǹkan, kó tó tẹ bíréèkì, ó ti lọ ní mítà 22. Bí irin bá gbẹ tó sì mọ́, bíréèkì tó dára á dá a dúró láàárín nǹkan bíi mítà 88 sí i, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 110. Ṣùgbọ́n òjò àkọ́kọ́ oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ló burú jù, ju òjò ńlá lọ: eruku ọyẹ́ á di ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí irin, wíìlì á máa yọ̀, ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró lè di ìlọ́po méjì. Ẹ ka èyí sí mítà 200. Ẹ ri pátákó fèrè mọ́lẹ̀ ní mítà 250 ní apá méjèèjì ibi tí màálù ń gbà, kí ẹ sì gé igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ibẹ̀ dé orí ìkọjá náà. Bí igbó bá ti dí awakọ̀ lójú ní mítà 100, kìlómítà 20 ní wákàtí ni kó máa bá kọjá, títí wọn yóò fi gé e. Ẹ bá àwọn darandaran jókòó, kí wọ́n bá yín mú ibi ìkọjá kan tàbí méjì, kí ẹ sì da òkúta wẹ́wẹ́ dí àlàfo ààrin irin níbẹ̀ dé ìwọ̀n orí irin, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún etí wíìlì. Ẹsẹ̀ màálù tó bá há sínú àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kó dúró sójú irin, kì í ṣe agídí.